Pẹ́pẹ́yẹ Tó Gun Òpó Àsíá

Kò sí ẹni tó yan Hiltrud Wiegmann pé kó máa fa àsíá sókè ní abúlé Wöllingen. Gerwin ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é nígbà ayé rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé panápaná tí wọ́n ń kó àsíá sí sì wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé wọn. Ọdún Àjíǹde àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí Gerwin kú, Hiltrud yọjú lójú fèrèsé, ó rí i pé òpó àsíá wà lófìfo. Ó wọ bàtà òjò, ó lọ sí ilé panápaná, ó fa àsíá sókè, ó padà wálé wá jẹ ẹyin rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dúpẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè. Bó ṣe di iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ọjọ́ ọdún, ọjọ́ ìbò, ọjọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́ ayìnbọn, ọjọ́ tí wọ́n bá ń sin ẹni tó ti ṣe panápaná rí.

Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ wàrà ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, láti oko kan dé òmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ajá kan ní Wöllingen, àti ní Hademstedt tó múlé tì í, tí kò mọ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹni tó bá ń jí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá máa fi rí wọn, oorun á ti kùn ún.

Àsíá tó ń fà yìí, funfun àti àwọ̀ ewé ni. Asà kékeré kan, àmì abúlé náà, wà láàárín rẹ̀, igi líńdè dúró lórí asà náà tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, irin ìtúlẹ̀ sì wà lábẹ́ igi. Gerwin ló yà á. Akunlé ni Gerwin, ó sì máa ń kọ orúkọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún tí ìjọba àgbègbè sọ pé kí abúlé tí kò bá ní asà wá tirẹ̀, òun nìkan ló ní búrọ́ọ̀ṣì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ni iṣẹ́ bá já lé e léjìká. Orí tábìlì ìdáná ló ti yà á. Lọ́sẹ̀ yẹn, Hiltrud ń gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sórí itan jẹ.

Àsíá yìí náà ló wá fẹ́ di ohun àtijọ́. Wọ́n ti ti ilé-ìwé Wöllingen pa, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì pa, àwọn tó kù kò sì tó ẹni tí í gbọ́ bùkátà iná òpópónà. Wọ́n dìbò, wọ́n gbà láti dara pọ̀ mọ́ Hademstedt. Tí ọdún bá ti yí, ìlú kan ni wọ́n máa jẹ́, pẹ̀lú orúkọ kan, olórí ìlú kan àti asà kan. Orúkọ jẹ́ ti Hademstedt. Olórí ìlú náà, ọmọ Hademstedt ni. Asà ló kù. Ohun tí Hiltrud ń fẹ́ kò pọ̀: kí igi Gerwin bá wọn dé orí asà tuntun. Ìdí nìyẹn tó fi gbà nígbà tí wọ́n ní kó wá ṣojú Wöllingen nínú ìgbìmọ̀ asà, òun tí kò jókòó nínú ìgbìmọ̀ kankan rí.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí Hademstedt ni ìgbìmọ̀ ti jókòó, lábẹ́ àwọn ìwo àgbọ̀nrín tí eruku ti bò. Volkhard Deppe, olórí ìlú Hademstedt, wà lórí ìjókòó ọlọ́lá. Alápatà ni, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ borí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹran. Òun àti Hiltrud jọ lọ sí ilé-ìwé kan náà ní Hademstedt. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hiltrud ni Bàbá Arend Lührs wà, àgbẹ̀ tó dàgbà jù ní Wöllingen, ó fi ọwọ́ méjèèjì di gíláàsì bíà rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Ẹni tí gbogbo wọn ń wò lójú ni Dókítà Sunniva Prahl, obìnrin tó wá láti ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìpínlẹ̀. Bí òun kò bá fọwọ́ sí i, asà kankan kò lè gba òǹtẹ̀.

Deppe kọ́kọ́ gbé ti Hademstedt kalẹ̀: kọ́kọ́rọ́ wúrà lórí àwọ̀ pupa. Ó ní bíṣọ́ọ̀bù kan ló fi kọ́kọ́rọ́ náà ta ìlú wọn lọ́rẹ ní ayé àtijọ́. Kò dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù náà, kò sì sẹ́ni tó bi í.

"Ó dára," ni Dókítà Prahl wí. "Èèyàn á rí i láti òkèèrè. Ti Wöllingen ńkọ́?"

Hiltrud tẹ́ bébà tí Gerwin ya asà náà sí sórí tábìlì. Obìnrin náà wò ó pẹ́, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìyáàfin Wiegmann, mi ò fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ya eléyìí balẹ̀. Àmọ́ àwọn abúlé tó fi igi líńdè ṣe asà ní ìpínlẹ̀ wa yìí, mi ò lè kà wọ́n tán. Tí mo bá tún gbé ọ̀kan wọ ọ́fíìsì, ọ̀gá mi á ní kí n lọ gbìn ín sínú igbó."

"Irin ìtúlẹ̀ ńkọ́?" ni Bàbá Arend bèèrè.

"Ìyẹn ló tún pọ̀ jùlọ, bàbá."

"Kẹ̀kẹ́ ilé ọlọ tí omi ń yí ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ní ilé ọlọ rí ni?"

Bàbá Arend ronú díẹ̀. "A lè kọ́ ọ̀kan."

Àwọn ará Hademstedt rẹ́rìn-ín. Dókítà Prahl náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wá sọ ohun tó ń sọ fún gbogbo abúlé tó bá gbé igi àti irin wá bá a: "Ẹ sọ ohun kan fún mi nípa Wöllingen tí abúlé mìíràn kò lè sọ nípa ara rẹ̀. Ẹyọ kan péré."

Hiltrud wá a lọ wá a bọ̀ nínú orí rẹ̀. Wàrà? Gbogbo wọn ló ní wàrà. Ṣọ́ọ̀ṣì? Ti Hademstedt ni wọ́n ń lọ. Ibi tó ti ń wá a ni Deppe ti tẹ ọrùn rẹ̀ síwájú, tó ní:

"Kúá."

Ẹ̀rín bú sẹ́yìn yàrá.

"Kúá, kúá, kúá!"

"Volkhard, ìwọ ò mọ ìtìjú rárá," ni Hiltrud wí.

"Kí nìyẹn?" ni Dókítà Prahl bèèrè.

Kò sí ohun tó dùn mọ́ ará Hademstedt nínú ju kí àlejò bi í ní ìbéèrè yẹn. Deppe ti àga sẹ́yìn kó lè ráyè ju ọwọ́. Ó ní nígbà ogun, nígbà tí àwọn sójà ń sun abúlé kiri, kùrukùru bo ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ará Wöllingen gbọ́ ìró ẹsẹ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ohùn púpọ̀ ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ni baálẹ̀ wọn bá fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀ yọ, ó so ó mọ́ ọ̀pá, ó gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ kan dání, ó rìn wọ inú kùrukùru, ó kúnlẹ̀. "'Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ má pa wá, ẹrú yín ni wá!'" Nígbà tí kùrukùru ká, pẹ́pẹ́yẹ ló rí. Pẹ́pẹ́yẹ tirẹ̀, tó já jáde nínú ọgbà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

"Ẹrú Pẹ́pẹ́yẹ!" ni Deppe fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ń nu ojú. "Orúkọ wọn nìyẹn, Dókítà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

Ogun wo ni? Deppe kò lè sọ. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé ogun àwọn ará Sweden ni. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní rárá, ti àwọn Faransé ni. Kò sí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kan tó mẹ́nu bà á, a kò sì mọ orúkọ baálẹ̀ náà. Bí ó ṣẹlẹ̀ o, bí kò ṣẹlẹ̀ o, ọmọ Wöllingen kan kò lè wọ Hademstedt kí ẹnì kan má ké bíi pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn rẹ̀. Odindi ọdún kan ni Deppe fi ké e sí etí Hiltrud láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ní kíláàsì.

Dókítà Prahl kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé awò rẹ̀ padà sójú. "Mo bèèrè ohun tí abúlé mìíràn kò lè sọ nípa ara rẹ̀," ló wí. "Mo rò pé mo ti gbọ́ ọ."

Deppe rò pé àwàdà ni, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Hiltrud ká asà Gerwin, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Almuth, àbúrò Gerwin obìnrin, tí ògiri ilé rẹ̀ kan ti Hiltrud, gbé ìkòkò ẹ̀fọ́ ìgbà òtútù tòun ti sọ́séèjì wá. Kò kan ilẹ̀kùn. Kò kan ilẹ̀kùn yẹn rí.

"Wọ́n ní wọ́n ti gé igi ẹ̀gbọ́n mi lulẹ̀."

"Wọ́n gé e."

"Volkhard ni. Mo mọ̀ pé Volkhard ni. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ta ẹlẹ́dẹ̀!"

"Kì í ṣe Volkhard. Obìnrin ọ́fíìsì yẹn ni, òótọ́ ló sì sọ."

"Òótọ́ wo?"

Hiltrud bu ẹ̀fọ́ sáwo. "Almuth, níbo ni igi líńdè wà ní Wöllingen?"

Almuth nawọ́ sí fèrèsé. "Níwájú ilé panápaná."

"Igi óákù nìyẹn."

"Ẹ̀yìn oko Bàbá Arend, ńkọ́?"

"Igi ápù."

"Ó ní láti jẹ́ pé ó wà rí, kí ìjì tó wó o."

"Kò sí níbẹ̀ rí. Gerwin gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Hademstedt, ó jókòó sórí ògiri itẹ́ òkú wọn, ó ya tiwọn. Èmi ni mo di búrẹ́dì fún un."

Almuth fi ṣíbí sílẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ mì ín léjìká, ó bọ́ sí ikùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Igi Hademstedt! Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí! À ń fa igi Hademstedt sókè, à ń ṣí fìlà fún un!"

Hiltrud náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí kò sí bí èèyàn kò ṣe ní bá Almuth rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìdí tí Gerwin fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò pa á lẹ́rìn-ín. Gerwin ló ń ṣọ́ gólì fún Wöllingen nígbà tí Wöllingen ṣì ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá lọ sí pápá Hademstedt, gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú bọ́ọ̀lù ni àwọn tó wà lẹ́yìn gólì máa ń ké kúákúá. Bó bá délé, kò ní sọ nǹkan kan. Yóò bọ́ bàtà, yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Nígbà tí iṣẹ́ asà dé, ẹnì kan ní ìpàdé sọ pé pẹ́pẹ́yẹ ni kó yà. Gerwin dìde, ó lọ sílé.

"Ó ń wá ohun tí kì í ké," ni Hiltrud wí.

Almuth nu ojú rẹ̀. "Ó rí i. Igi kì í ké."

"Àmọ́ kì í ṣe tiwa."

Hiltrud jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ tán. Almuth, tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó ilé wọn, kò bi í léèrè ohun tó ń rò. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wo omi tó fẹ́ hó.

Ilé panápaná ni ìpàdé abúlé ti wáyé. Wọ́n wa ọkọ̀ panápaná síta, wọ́n to bẹ́ǹṣì sí àyè rẹ̀, òórùn epo sì ń rùn. Hiltrud dúró níwájú wọn, ó kó ọwọ́ sí àpò kóòtù. Ó sọ fún wọn pé igi ti lọ, irin ìtúlẹ̀ ti lọ. Bí Wöllingen kò bá mú nǹkan mìíràn wá, kọ́kọ́rọ́ Hademstedt nìkan ni yóò wà lórí asà.

"Torí náà, pẹ́pẹ́yẹ ni kí a mú lọ," ló wí.

Ariwo tó sọ kò ṣeé fẹnu sọ.

"Hiltrud, ṣé orí rẹ pé ṣá?"

"Wàrà ti wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ!"

Bàbá Arend dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Láyé mi! Kí ọmọ-ọmọ mi gbé pẹ́pẹ́yẹ sáyà? Àbùkù tí wọ́n fi kàn wá, ká tún wá fọwọ́ ara wa rán an mọ́ aṣọ? Volkhard ló rán ọ wá ni?"

"Bàbá Arend, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ohun kan tí Hademstedt ò lè gbà lọ́wọ́ wa."

"Ilẹ̀ wa."

"Wọ́n ti gbà á. Ẹ̀yin náà dìbò sí i."

"Èmi dìbò nítorí iná òpópónà!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi. Orúkọ wa ńkọ́? Wọ́n ti gbà á. Ilé-ìwé, wọ́n gbà á kí Gerwin tó kú. Bí mo bá mú ọ̀kà lọ, wọ́n á ní àwọn náà ní ọ̀kà. Bí mo bá mú ẹṣin lọ, wọ́n á ní ẹṣin tiwọn sanra ju tiwa lọ. Ohun kan ṣoṣo wà tí gbogbo Hademstedt ti ń búra látọjọ́ tí aláyé ti dáyé pé tiwa ni, kì í ṣe tiwọn. Ohun tí wọ́n kọ̀ fún ara wọn, wọn ò lè jí i."

Obìnrin kan tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ nígun yàrá sọ láìgbé ojú sókè pé, "Gerwin ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún Hiltrud lọ́kàn. "Rárá," ló wí. "Kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀."

Wọ́n dìbò, ti Hiltrud wọlé, àmọ́ kò wọlé tayọ̀tayọ̀. Àwọn mìíràn ká ọwọ́ wọn sókè bí ẹni pé wọ́n ń fi í bo ojú. Bàbá Arend kò ká tirẹ̀. Ó ní òun kò ní kúrò nínú ìgbìmọ̀ ṣá o, nítorí ẹnì kan ní láti máa ṣọ́ Hiltrud.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó lábẹ́ ìwo àgbọ̀nrín, Deppe rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ.

"Pẹ́pẹ́yẹ? Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Àwa fúnra wa," ni Hiltrud wí. "Pẹ́pẹ́yẹ funfun lórí àwọ̀ búlúù."

"Hiltrud, àwàdà ni mo ń ṣe lọ́jọ́sí o."

"Ṣé ìtàn náà kì í ṣe òótọ́ ni?"

Deppe wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bó bá sọ pé irọ́ ni, a jẹ́ pé bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti ń purọ́ nínú ilé ọtí yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. "Òótọ́ pọ́ńbélé ni," ló wí.

"Ó parí nìyẹn."

Dókítà Prahl ní funfun lórí búlúù dára, wúrà lórí pupa dára. Ohun tó kù ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wà. Asà náà máa pín sí méjì lóròó. Ìlàjì tó wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń wò ó ló ní ọ̀wọ̀ jù, torí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó bá gbé asà náà dání ló máa ń wà. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Deppe fi fọwọ́ gbá tábìlì.

"Kọ́kọ́rọ́ ló máa wà níbẹ̀! Àwa la pọ̀ jù. Lórí ìyẹn, mi ò gba ẹ̀bẹ̀."

Bàbá Arend fẹ́ dìde. Hiltrud fà á láṣọ. "Ẹ fún un," ló wí.

Lónìí, àwọn kan ní Wöllingen ń sọ pé Hiltrud ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, pé ó dẹ okùn sílẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó sì fẹ́ tètè délé kí òjò tó dé.

Inú Deppe dùn sí ibi tó gbà yẹn débi pé ó tún bu iyọ̀ sí i. "Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó la ẹnu o! Pẹ́pẹ́yẹ tí kò bá la ẹnu, ta ló máa mọ̀ pé ó ń ké?" Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: kọ́kọ́rọ́ wúrà lórí pupa, pẹ́pẹ́yẹ funfun tó la ẹnu lórí búlúù. Deppe buwọ́ lù ú, Hiltrud buwọ́ lù ú, ìwé lọ.

Òpin ìgbà ìwọ́wé ni àwòrán náà tó padà dé tòun ti òǹtẹ̀. Deppe pè wọ́n wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí wọ́n jọ ṣí i. Ó tú bébà kúrò lára rẹ̀. Ó wò ó. Ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó tún wò ó.

Kọ́kọ́rọ́ wúrà dúró níbi ọ̀wọ̀ rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ dúró lódìkejì, ó na ọrùn, ó la ẹnu gbàgà, ó sì kọjú sí kọ́kọ́rọ́ náà gan-an.

"Ó fẹ́ gbé e mì," ni Bàbá Arend wí jẹ́jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ̀rọ̀ rere nípa pẹ́pẹ́yẹ yẹn.

Deppe ti wà lórí fóònù. Ohùn Dókítà Prahl ń bọ̀ láti inú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ara kò sì kan án.

"Ẹ bá mi yí i padà, Dókítà! Kó kọjú síta!"

"Ọ̀gbẹ́ni Deppe, ẹranko orí asà kì í kọ̀yìn sí apá ọ̀wọ̀. Bó ṣe rí lórí gbogbo asà nìyẹn, a kì í tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Ọ̀kan wà. Ẹ gbé pẹ́pẹ́yẹ sí apá ọ̀wọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà, ìta ló máa kọjú sí."

Deppe bo ẹnu fóònù, ó wo Hiltrud. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹran tó ń tà.

"Kí kọ́kọ́rọ́ Hademstedt bọ́ sẹ́yìn ìdí pẹ́pẹ́yẹ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan," ni Hiltrud wí.

Deppe gbé fóònù padà sétí. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ọdún yí, òtútù mú gan-an, okùn àsíá sì le gírígírí lọ́wọ́. Àwọn èèyàn tó jáde kò pọ̀. Hiltrud fa àsíá igi líńdè wálẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Almuth di etí kan mú, òun náà di èkejì mú, wọ́n ká a bí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Deppe wá láti Hademstedt, ó gbé kéèkì bọ́tà kan dání tí ìyàwó rẹ̀ yan. Ó dúró láìdé fìlà títí wọ́n fi ká àsíá náà tán, kò sì ṣe àwàdà kankan.

"Kí lo máa fi ṣe?" ni Almuth bèèrè, ó ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

"Ọjọ́ ìbí Gerwin, mo máa fà á sókè nínú ọgbà mi. Ìyẹn ò kan ọ́fíìsì kankan."

"Ká kúkú gbin líńdè kan síbẹ̀."

"Ta ló máa gbá ewé rẹ̀?"

Hiltrud fa àsíá pẹ́pẹ́yẹ sókè. Afẹ́fẹ́ gbá a, aṣọ tuntun náà na tán, ó sì ń dún pẹ́pẹ́pẹ́ lókè wọn. Hiltrud wò ó fún ìgbà díẹ̀ láti mọ bóyá ó máa dun òun. Ó dùn ún díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé lọ jẹ kéèkì.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀ ká ní kò sí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí òtútù lọ, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hademstedt wọ aṣọ tuntun tó ní asà tuntun láyà, wọ́n lọ bá àwọn ará Rohrsum figagbága nílé wọn. Hiltrud bá Almuth lọ, torí ọmọ ọmọ Almuth wà nínú ẹgbẹ́ náà. Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Deppe wà létí pápá lábẹ́ agbòjò, ó ń pàṣẹ fún àwọn tí kò gbọ́ ọ.

Rohrsum jìnnà díẹ̀, àmọ́ kò jìnnà tó kí ìtàn má dé ibẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù Hademstedt kan sáré lọ ju bọ́ọ̀lù sínú pápá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú bọ́ọ̀lù. Láti ẹ̀yìn okùn, ẹnì kan ní:

"Kúá."

Ẹlòmíràn gbà á. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ pápá fi ń ké e, ọkùnrin, obìnrin, tòun ti ẹni tó ń ta sọ́séèjì. "Ẹrú Pẹ́pẹ́yẹ! Ẹrú Pẹ́pẹ́yẹ Hademstedt!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà, ọmọ bíbí inú Hademstedt, dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Deppe ti la ẹnu láti bú wọn. Àmọ́ èébú tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ń bú u. Ó yíjú, ojú rẹ̀ ń wá ẹnì kan kiri, ó sì bá ti Hiltrud.

Hiltrud rìn lọ bá a lábẹ́ agbòjò.

"Wọ́n ń pè wá ní Ẹrú Pẹ́pẹ́yẹ," ni Deppe wí, bí ẹni pé Hiltrud kò gbọ́.

"Mo gbọ́."

"Àwa! Hademstedt!"

"Ìwọ ló ní kó la ẹnu, Volkhard."

Òjò ń kán láti etí agbòjò Deppe sí èjìká Hiltrud, ni Deppe bá sún un kó lè bo Hiltrud náà. Àwọn ará Rohrsum kò tíì dákẹ́. Deppe bèèrè, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ ju bí ó ṣe máa ń rí lọ:

"Ṣé bó ṣe máa ń rí fún Gerwin nìyí? Nínú gólì?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá wá sí pápá yín."

"Kí ló máa ń ṣe?"

"Kì í ṣe nǹkan kan. Á wálé, á jókòó." Hiltrud wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣì dúró pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. "Ó máa ń wù mí pé kó dá wọn lóhùn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó na ọrùn sí ìhà ọ̀hún pápá. Òun tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ la ẹnu, ó ké kúákúá tó rinlẹ̀, ti ẹni tó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Almuth gbà á lẹ́nu rẹ̀ kíá. Àwọn ará Wöllingen tó wá wòran tẹ̀ lé e, ó mọ́ wọn lára. Ti àwọn ará Hademstedt kò tètè jáde. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ké e sí ẹlòmíràn, wọn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ké e fún ara wọn.

Deppe wo asà kékeré tó wà láyà kóòtù rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ohùn alápatà yẹn wá jáde, ó bo gbogbo pápá mọ́lẹ̀, débi pé ẹni tó ń ta sọ́séèjì jọ̀wọ́ fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò burú," ni Hiltrud wí. "Á túbọ̀ mọ́ ọ lára."